Akọ-sí-Akọ Nínú Iṣẹ́ Sójà: Kí Ni Òfin Wí, Kí Ni Ìsìláàmù Wí?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó mọ ohun tó hàn àti èyí tó pamọ́. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ará, ìlú jagunjagun ni Ìbàdàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Títí di òní, àwọn ilé wà ní Ọjà'ba, Bẹẹrẹ, Màpó àti Bẹ́yẹrúnkà tí ọmọ wọn ń ṣe sójà. Ilé wa náà ni olú iléeṣẹ́ Dìfíṣọ̀n Kejì àwọn ọmọ-ogun Nàìjíríà wà, ní bárékè Òdògbó. Àwọn ọmọ wa mìíràn wà nínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìdí nìyí tí ìbéèrè yìí fi ń dé ọ̀dọ̀ àwa ààfáà: ṣé ó yẹ kí ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin, tàbí obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin, máa ṣe sójà ní gbangba láìfi ara pamọ́? Kí ló dé tí wọ́n gbà á lọ́hùn-ún tí wọn ò gbà á níbí? Kí sì ni Mùsùlùmí yóò sọ sí i? Ẹ jẹ́ ká tò ó lẹ́sẹẹsẹ.

Òfin Nàìjíríà

Abala 81 nínú òfin àwọn ológun tí wọ́n ṣe ní 1993 ka ìbálòpọ̀ tó lòdì sí ìṣẹ̀dá sí ẹ̀ṣẹ̀. Kóòtù ológun lè fi ẹni tó bá jẹ̀bi rẹ̀ sẹ́wọ̀n tó tó ọdún 7. Ní January 2014, Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin mìíràn tó de sójà àti ará ìlú: ẹ̀wọ̀n ọdún 14 fún ọkùnrin tó bá fi ọkùnrin ṣaya tàbí obìnrin tó bá fẹ́ obìnrin, ọdún 10 fún ẹni tó bá ń fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Ní December 2024, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ìwé ìlànà iṣẹ́ tuntun fún àwọn ọ̀gá ológun, ìwé náà sì kọ̀ ọ́ fún wọn kedere. Lábẹ́ òfin wa, kò sí àyè fún un.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ìwà tí wọ́n fi ẹ̀rí gbè lẹ́sẹ̀ ní kóòtù ni abala 81 ń fìyà jẹ. Kò sọ̀rọ̀ nípa ìrìn ènìyàn, ohùn rẹ̀ tàbí àhesọ tó ń lọ nípa rẹ̀. Méjọ̀ kan tí kóòtù ológun dá lẹ́bi lábẹ́ abala yìí pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ẹjọ́ náà sì dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ kó tó parí ní 2008. Wọ́n dá a lẹ́bi níbẹ̀ náà, àmọ́ wọ́n gbọ́ tẹnu rẹ̀, wọ́n sì yẹ ẹ̀rí wò.

Bó ṣe rí lókè òkun

Ní 1993, Amẹ́ríkà ṣe òfin kan tó túmọ̀ sí pé: a ò ní bi ọ́, ìwọ náà má sọ fún wa. Ẹni tó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Sójà tó lé ní 13,000 ni wọ́n lé kí òfin náà tó kásẹ̀ nílẹ̀ ní September 20, 2011. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti mú ìdènà tiwọn kúrò ní January 12, 2000, lẹ́yìn tí ilé-ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ilẹ̀ Yúróòpù dá ìjọba wọn lẹ́bi ní 1999. Ní Áfíríkà níbí, ìwé òfin South Africa ti 1996 kọ̀ kí wọ́n ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì de àwọn ológun wọn náà.

Àwọn tó fara mọ́ ìyípadà yìí ní ìgboyà, ìgbọràn àti ìmọ̀ iṣẹ́ ni ogun ń fẹ́. Wọ́n tún ní ẹni tó ní àṣírí ni ọ̀tá lè fi halẹ̀ mọ́. Àwọn tó lòdì sí i ní sójà kò dà bí akọ̀wé tó ń relé nírọ̀lẹ́: wọ́n jọ ń sùn, wọ́n jọ ń wẹ̀, ọ̀gá sì ní àṣẹ ńlá lórí ọmọ iṣẹ́. Wọ́n ní níbi tí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ti kà á sí ẹ̀ṣẹ̀, ó lè da àárín wọn rú. Ká sọ òtítọ́, iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà àti ti Gẹ̀ẹ́sì kò tú ká. Àmọ́ pé nǹkan ṣeé ṣe ní ìlú kan kò sọ ọ́ di hàláàlì.

Ohun tí Ìsìláàmù wí

Ìtàn Ànábì Lūt àti ìjọ rẹ̀ wà ní ibi púpọ̀ nínú Àlùkùránì. Mazhab mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fẹnu kò pé hàráàmù ni ìwà náà. Ibí ni ọ̀pọ̀ wa máa ń bá wáàsí dé, tí a ó sì dákẹ́. Ẹ̀sìn kò dákẹ́ síbẹ̀.

Nínú Suratul Hujurāt, àáyà 12, Ọlọ́hun kọ àròsọ burúkú, títọpinpin àṣírí ènìyàn àti ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Nínú Suratun Nūr, àáyà 4, ẹni tó bá fẹ̀sùn sìná kan ẹni mímọ́ tí kò mú ẹlẹ́rìí 4 wá yóò jẹ ẹgba 80, wọn ò sì ní gba ẹ̀rí rẹ̀ mọ́. Nínú Risālah Ibn Abī Zayd, ìwé mazhab Imam Mālik tí a ń kà ní ilé-kéwú, ìyà yìí kan ẹni tó bá pe ọkùnrin ní oníwà ìjọ Lūt láìní ẹ̀rí.

Ní ayé Sàyídínà Umar, wọ́n fẹ̀sùn sìná kan Mughīrah ọmọ Shu‘bah, gómìnà Basra. Ẹni mẹ́ta jẹ́rìí tako ó. Ẹnì kẹrin kò lè sọ pé òun rí i dájú. Àwọn mẹ́ta náà ni Umar nà, bẹ́ẹ̀ sàábé Ànábì wà nínú wọn.

Ẹ wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣáájú 2000, ọlọ́pàá ológun wọn máa ń tú ẹrù sójà, wọ́n ń ka lẹ́tà rẹ̀, wọ́n ń bi í léèrè ohun tó ń ṣe ní kọ̀rọ̀. Ní July 19, 2023, Rishi Sunak, olórí ìjọba wọn nígbà náà, tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ṣe é fún. Ó ti pẹ́ tí Ọlọ́hun ti kọ irú tajassus bẹ́ẹ̀ fún àwa.

Kí ni ká ṣe?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó fẹ́ wọṣẹ́ sójà ní Nàìjíríà, ẹ mọ òfin tó wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tó wà lókè òkun, àdéhùn ni ẹ bá ìjọba wọn ṣe, Suratul Mā’idah sì pa á láṣẹ pé ká mú àdéhùn ṣẹ. Ẹ ò gbọ́dọ̀ pe hàráàmù ní hàláàlì, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ ṣe àbòsí sí ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́.

Àwa tó wà nílé ni ọ̀rọ̀ kàn jù. Ẹni tó gba fóònù ọmọ ọlọ́mọ, tó ń yẹ inú rẹ̀ wò, tó wá ń bèèrè owó kó má baà tú àṣírí, olè ni, kó má pe ara rẹ̀ ní ajìjàgbara ẹ̀sìn. Àwọn tó kó ara wọn jọ lu ènìyàn nítorí pé ẹnì kan ní ‘bó ṣe ń ṣe nìyẹn’ ti ṣẹ Ọlọ́hun, wọ́n sì ti rú òfin ìlú. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ̀yin òbí, ẹ má lé ọmọ jáde nílé nítorí àhesọ àdúgbò.

Bóyá òfin yóò yí padà lọ́la, ọwọ́ àwọn aṣòfin ní Àbújá ló wà. Ahọ́n wa àti ọwọ́ wa wà níkàáwọ́ wa lónìí, a ó sì jíhìn wọn lọ́la Àlùkìyámọ̀. Kí Ọlọ́hun bo àṣírí wa, kó sì ṣọ́ àwọn ọmọ wa tó wà lójú ogun. Àmín. Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.