Ìṣirò Kì Í Ṣe Ti Ọkùnrin Nìkan

Àwọn kan láàrin wa ṣì gbà pé ìṣirò le jù fún ọmọbìnrin. Ìgbésí ayé olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Grace Alele-Williams fi hàn gbangba pé irọ́ ni.

Ìlú Warri ni a bí i sí ní ọdún 1932. Ó kàwé ní Queen's College, Èkó, kí ó tó lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣirò ní Ìbàdàn. Lẹ́yìn èyí, ó kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìṣirò ní Queen's School, Ẹdẹ, kí ó tó lọ sí Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1963, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Chicago. Òun ni obìnrin Nàìjíríà tí ó kọ́kọ́ gbà á.

Bí a ti ṣe lè fi ìṣirò kọ́ ọmọ kí ó yé e ni ìwádìí rẹ̀ dá lé. Ó wà lára àwọn tí ó péjọ sí Entebbe, ní ilẹ̀ Uganda, láti kọ ìwé ìṣirò fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Áfíríkà. Ní Yunifásítì Èkó, níbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1965, ó ṣètò ẹ̀kọ́ tí àwọn obìnrin olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ọjọ́ orí ti ń lọ fi lè gba ìwé-ẹ̀rí. Láti ọdún 1985 sí 1991, ó jẹ́ ọ̀gá àgbà Yunifásítì Benin, obìnrin àkọ́kọ́ ní irú ipò bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà. Ó papò dà ní ọdún 2022.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ wà ní ẹ̀yìn odi, bí ẹ ti ń fi owó ránṣẹ́ kọ́ ilé sí ìlú yín, ẹ rántí pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ọmọbìnrin náà, ọmọ ni.