Kí Ẹ Tó Gun Máṣíìnì Dé Faransé: Ìmọ̀ràn fún Ìrìn-àjò Kékeré Àkọ́kọ́

 

Ẹni tó bá dúró ní Rye Lane ní ìrọ̀lẹ́ yóò rí àwọn èèyàn wa lórí máṣíìnì, àpótí oúnjẹ lẹ́yìn wọn, tí wọ́n ń sáré láti ilé dé ilé. Iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn ti ń wọ ọ́fíìsì wa: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè gbé máṣíìnì mi dé Faransé ní òpin ọ̀sẹ̀ kan, kí èmi náà fi sinmi?"

Bàbá kan wá bá wa bẹ́ẹ̀. Ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi, ó sì ti ṣèlérí fún ọmọbìnrin rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún 14 pé àwọn méjèèjì ni yóò jọ lọ. Ìnṣọ́ránsì nìkan ló fẹ́ bi wá. A ní kó kó gbogbo ìwé rẹ̀ wá, a sì rí ohun méjì. Èkíní, ìwé CBT ló fi ń gun máṣíìnì, kò tíì ní láìsènsì kíkún. Èkejì ló le jù: ìwé tó kọ láti fa àyè ìgbé rẹ̀ gùn ṣì wà lọ́wọ́ Home Office. Bó bá wọkọ̀ ní Sátidé yẹn, àyè tó ti ń tọ́jú láti ọdún pípẹ́ ni ì bá sọnù. Owó tíkẹ́ẹ̀tì nìkan ló pàdánù. A dúpẹ́.

Nítorí rẹ̀ la ṣe kọ èyí. A ò sọ pé kí ẹ má lọ o. Ìrìn-àjò wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Ta ni kò mọ Àjàlá? Ọlábísí Àjàlá gun Vespa yí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ká, ó kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 1963, Ebenezer Obey sì fi í kọrin, títí orúkọ rẹ̀ fi di àdàpè fún ẹni tí kì í jókòó sílé. Ní April 2022, Kúnlé Adéyanjú gun alùpùpù kúrò ní London, ó sì dé Èkó ní ọjọ́ 29 oṣù May. Ó fi ìrìn náà kówó jọ fún ìgbógunti àrùn rọparọsẹ̀. Ní 2024, Pẹ̀lúmi Nubi wa ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ láti London dé Èkó. Gbogbo wọn ló múra kí wọ́n tó gbéra. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.

1. Ẹ kọ́kọ́ wo àyè yín ní ìlú yìí

Bí ẹ bá ní ìwé ìbéèrè lọ́dọ̀ Home Office fún àyè ìgbé, tàbí fún ìfàgùn rẹ̀, ẹ má kúrò ní ilẹ̀ yìí kí ìdáhùn tó dé. Bí ẹ bá lọ sí Faransé, bó tilẹ̀ jẹ́ fún wákàtí mẹ́ta, òfin yóò kà á sí pé ẹ ti fagi lé ìbéèrè náà fúnra yín. Àyè àtijọ́ tí òfin fi ń dì yín mú nígbà tí ẹ ń dúró yóò sì parí lọ́jọ́ náà. Wọn kì í dá owó padà, ẹ sì lè má rí ọ̀nà padà wọlé.

Ẹ rántí pé káàdì BRP ti parí iṣẹ́ ní òpin 2024. eVisa la ń lò báyìí. Bí ẹ bá ti gba páàsípọ́ọ̀tù tuntun, ẹ rí i pé nọ́ńbà rẹ̀ ti wọ inú àkáǹtì UKVI yín kí ẹ tó rìn, torí ohun tí wọ́n máa yẹ̀ wò nìyẹn nígbà tí ẹ bá ń bọ̀.

Bí ọ̀rọ̀ yín bá lọ́jú, ẹ má gba ìmọ̀ràn ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní ṣọ́ọ̀bù onírun. Lọ́yà, tàbí ẹni tí Immigration Advice Authority fọwọ́ sí, ni òfin gbà láyè láti gbà yín nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ ìgbélùú.

2. Físà àti páàsípọ́ọ̀tù

Ẹni tó ń lo páàsípọ́ọ̀tù Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà Schengen, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní àyè ìgbé títí láé ní ìlú yìí. Láti June 2024, 90 euro ni owó físà fún àgbàlagbà, yàtọ̀ sí owó tí ilé-iṣẹ́ tó ń gba ìwé máa ń bù lé e. Ẹ lè kọ̀wé láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn-àjò, ó sì gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ wọn ó kéré tán ọjọ́ 15 ṣáájú. Wọ́n á béèrè ìnṣọ́ránsì ìrìn-àjò tó lè san 30,000 euro fún ìtọ́jú.

Ẹni tó ti di ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò nílò físà fún ìrìn-àjò kékeré, ṣùgbọ́n páàsípọ́ọ̀tù rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ọdún mẹ́wàá lọ lọ́jọ́ tó bá wọlé, ó sì gbọdọ̀ ku oṣù mẹ́ta ó kéré tán lẹ́yìn ọjọ́ tó máa jáde. Nínú ilé kan náà, bàbá lè nílò físà kí ọmọ má nílò rẹ̀. Ẹ wo ti oníkálukú.

Láti October 2025 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ètò tuntun: àwọn ọlọ́pàá Faransé ń ya fọ́tò, wọ́n sì ń gba àmì ìka. Ọ̀fẹ́ ni, wọn kì í gba àmì ìka ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12. Ní Dover níbí gan-an ni wọ́n ti ń ṣe é, nítorí náà ẹ tètè débẹ̀. Bí orúkọ ìdílé ọmọ bá yàtọ̀ sí tiyín, ẹ mú ìwé ìbí rẹ̀ àti lẹ́tà òbí kejì dání.

3. Láìsènsì

Ìwé CBT àti pátákó L pupa kò kọjá Dover. Ìlú yìí nìkan ni wọ́n ti ń jẹ́. Ẹ gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò theory àti ìdánwò méjì tó kù lórí máṣíìnì, kí ẹ gba láìsènsì A1, A2 tàbí A. Ẹni tó ní pátákó L kò sì gbọdọ̀ gbé èèyàn sẹ́yìn, ìbáà ṣe ní Peckham. Láìsènsì Nàìjíríà ńkọ́? Ọdún kan péré lẹ fi lè lò ó níbí lẹ́yìn tí ẹ bá ti ń gbé ìlú yìí. Wọn kì í sì í pààrọ̀ rẹ̀, ìdánwò ni.

4. Ìwé máṣíìnì

Ẹ mú logbook tó ń jẹ́ V5C dání, ojúlówó rẹ̀. Bí máṣíìnì bá jẹ́ èyí tí ẹ yá tàbí tí ẹ ṣì ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ oní-nǹkan. MOT àti owó orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàyè.

Ẹ pe ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì. Òfin ní kí gbogbo ìnṣọ́ránsì ìlú yìí bo ẹlòmíràn tí ẹ bá ṣe léṣe ní Faransé, ṣùgbọ́n ó lè má bo máṣíìnì tiyín tàbí olè. Èyí tí ẹ fi ń gbé oúnjẹ lè jẹ́ fún iṣẹ́ nìkan. Ẹ béèrè, kí ẹ sì gba ìdáhùn sórí ìwé. Lẹ́yìn máṣíìnì, àmì UK ló gbọ́dọ̀ wà, kì í ṣe GB mọ́. Láti September 2021 ni.

5. Ohun tí òfin Faransé ń béèrè

Akoto pẹ̀lú àmì tó ń tàn nínú iná, fún ẹni tó ń gùn ún àti ẹni ẹ̀yìn. Ìbọ̀wọ́ tó ní àmì CE, fún àwọn méjèèjì náà. Láti November 2016 ni òfin ìbọ̀wọ́ ti wà, owó ìtanràn rẹ̀ sì jẹ́ 68 euro. Ẹ̀wù tó ń dán gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọwọ́ yín ti lè tètè tó o. Iná iwájú gbọ́dọ̀ máa tàn lọ́sàn-án gangan.

Ọtí wọn le ju ti ibí lọ. Ohun tí ẹ lè mu ní London kí ọlọ́pàá má sọ̀rọ̀ lè kó yín sí wàhálà níbẹ̀. Ẹ má mu rárá jàre.

6. Ọwọ́ ọ̀tún

Níbí, àwọn àgbà wa ní àǹfààní. Ní ọjọ́ 2 oṣù April 1972 ni Nàìjíríà kúrò ní ọwọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Ẹni tó ti gun máṣíìnì ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo kò ní ṣe àjèjì sí Faransé. Ọmọ tí wọ́n bí sí Peckham ni kó ṣọ́ra jù. Ojú ọ̀nà kọ́ ni àṣìṣe ti máa ń ṣẹlẹ̀ jù, bí kò ṣe ní òwúrọ̀, nígbà tí èèyàn bá ń jáde ní ilé epo tàbí ní òtẹ́ẹ̀lì tí ọkàn rẹ̀ kò tíì jí. Ẹ lẹ bébà kékeré mọ́ iwájú máṣíìnì, kí ẹ kọ "Ọ̀TÚN" sí i.

Ní ìkóríta tí kò ní àmì, ẹni tó ń bọ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún yín ló ni ọ̀nà. Kìlómítà ni wọ́n ń kà: 50 láàárín ìlú, 80 ní ọ̀pọ̀ ọ̀nà ìgbèríko.

7. Ọ̀nà kúkúrú tó dára

Láti Old Kent Road, A2 náà ni yóò gbé yín gba Blackheath, títí ẹ ó fi dé M2 àti Dover, nǹkan bí máìlì 75. Ọkọ̀ ojú omi ń lo nǹkan bí wákàtí kan ààbọ̀ dé Calais. Ilẹ̀ inú ọkọ̀ náà máa ń tutù, ó ń yọ̀. Ẹ rọra, kí ẹ sì bá àwọn òṣìṣẹ́ de máṣíìnì dáadáa.

Ní Calais, ẹ gba ọ̀nà D940 lẹ́bàá òkun lọ sí Boulogne. Lójú ọ̀nà, ní Cap Gris-Nez, bí ojú ọjọ́ bá mọ́, ẹ óò rí òkè funfun Dover lódìkejì. Ní Boulogne, ilé ẹja Nausicaá wà fún àwọn ọmọ. Ẹ sùn níbẹ̀, kí ẹ padà lọ́jọ́ kejì. Aago wọn fi wákàtí kan ṣáájú tiwa, ẹ má ba tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ẹ wo táyà, búrẹ́kì àti ṣéènì. Kí ẹ gbé ẹrù àti ọmọ dé Margate tàbí Whitstable lọ bọ̀ ná. Bí ẹ̀yìn bá ń dùn yín níbẹ̀, á dùn yín jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Faransé.

8. Oúnjẹ àti ìlera

Ìyá ọmọ, ẹ má di ìrẹsì ẹlẹ́ran sí kúlà o! Òfin kò gbà kí a kó ẹran tàbí wàrà láti ibí wọ Yúróòpù, ìbáà ṣe sáńwíìṣì kan. Dòdò, àkàrà àti ẹ̀pà kò ní wàhálà. Nígbà tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ wádìí kí ẹ tó ra wàràkàṣì tàbí ẹran, torí ìjọba ibí náà fi òfin dè é ní April 2025.

Ẹ gba káàdì GHIC lọ́dọ̀ NHS. Ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó bá ní kí ẹ sanwó fún un ń jẹ yín ni. Ṣùgbọ́n káàdì yìí kì í sanwó láti gbé aláìsàn padà wálé, nítorí náà ẹ ra ìnṣọ́ránsì ìrìn-àjò tó dárúkọ alùpùpù. Nọ́ńbà pàjáwìrì ni 112.

Ẹ óò fẹ́ mọ bí bàbá yẹn ṣe ṣe é. Ọmọbìnrin rẹ̀ sunkún díẹ̀. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Dover ní Sátidé náà, wọ́n jókòó lórí òkè funfun, wọ́n jẹ ìrẹsì ẹlẹ́ran wọn níbẹ̀, wọ́n sì ń wo Faransé lókèèrè. Bàbá ti ń kàwé fún ìdánwò theory báyìí, ó sì ń dúró de lẹ́tà Home Office. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Faransé kò ní sá lọ.

Bí ẹ bá ní ìbéèrè, ẹ kó gbogbo ìwé yín wá kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. À ń retí yín. Ọ̀nà á là o.