Bíbá Aládùúgbò Ẹni Ṣe Ọdún

Díẹ̀ ni oṣù tí ń kọjá ní ilẹ̀ Yorùbá láìsí ọdún kan tàbí òmíràn. Bí ààwẹ̀ bá parí, àwọn Mùsùlùmí a ṣe ọdún Ìtúnu. Àwọn Kristẹni a ṣe Àjíǹde àti Kérésìmesì. Bí iṣu tuntun bá sì jáde, ọ̀pọ̀ ìlú a ṣe ọdún ìjẹṣu. Ní Ìjù, ìlú kan ní àríwá Àkúrẹ́, kì í ṣe ohun àjèjì kí ọmọ ìyá méjì máa gbé inú ilé kan, kí ọ̀kan máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí èkejì sì máa lọ sí mọ́ṣáláṣí. Nítorí náà ó yẹ kí a bi ara wa ní ìbéèrè kan: báwo ni ènìyàn ṣe lè bá ẹlẹ́sìn mìíràn ṣe ọdún láìfi ẹ̀sìn tirẹ̀ sílẹ̀?

Kì í ṣe inú ilé-ìwé ni mo ti kọ́kọ́ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà. Mùsùlùmí àgbàlagbà kan, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Álífà, ni ó múlé tì wá. Ní ọjọ́ Iléyá kan, ó rán ọmọ-ọmọ rẹ̀ pé kí ó gbé ẹran wá fún wa nínú abọ́ tánganran. Àwọn òbí mi kò sí nílé. Èmi ni mo gbà á. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì ti sọ fún mi pé ẹni tí ó bá jẹ ẹran Iléyá ti di Mùsùlùmí láìmọ̀. Mo gbé ẹran náà lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo sì dà á sí orí ààtàn. N kò mọ̀ pé ọmọ tí ó gbé e wá kò tí ì lọ. Ó ń dúró gba abọ́ wọn, ó sì rí mi.

Nígbà tí bàbá mi gbọ́ ní ìrọ̀lẹ́, kò nà mí. Ó fà mí lọ́wọ́ dé iwájú Bàbá Álífà, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, "Ẹ dákun, Bàbá, ẹ forí jì wá." N kò rí i rí kí bàbá mi dọ̀bálẹ̀ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn. Bàbá Álífà gbé e dìde, ó wò mí, ó sì wí pé, "Ọmọ mi, ìrẹsì Kérésìmesì yín tí a ń jẹ lọ́dọọdún, ṣé ó ti sọ wá di ọmọ ìjọ yín ni?" N kò rí èsì fọ̀.

Lónìí tí èmi náà ti di olùkọ́, mo mọ ibi tí mo ti ṣìnà. Kì í ṣe pé n kò jẹ ẹran náà ni ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá gba oúnjẹ kan ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀ ọ́; ṣùgbọ́n kíkọ̀ yàtọ̀ sí títàbùkù. Bí mo bá ti wí pé, "Ẹ kú ọdún o, àṣèyí ṣàmọ́dún, ẹ jẹ́ kí àwọn òbí mi dé," ẹ̀sìn mi kì bá tí dínkù, ojú kì bá sì tí ti bàbá mi.

Àìmọ̀ ni ó bí ìwà náà. Ọdún Iléyá jẹ́ ìrántí bí Ánábì Ibrahim ṣe ṣe tán láti fi ọmọ rẹ̀ rúbọ, tí Ọlọ́run sì fi àgbò rọ́pò ọmọ náà. Ìtàn Ábúráhámù yìí ni èmi pàápàá ń kọ́ ní ilé-ìwé ọjọ́ ìsinmi! Kùránì pàṣẹ pé kí ẹni tí ó pa ẹran náà jẹ nínú rẹ̀, kí ó sì fi bọ́ aláìní. Àṣà ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ni láti pín in sí ọ̀nà mẹ́ta: ti ará ilé, ti ọ̀rẹ́ àti ẹbí, àti ti aláìní. Ẹran tí mo dà nù kì í ṣe ìdẹkùn rárá. Ìpín tí a fi ìfẹ́ yọ fún aládùúgbò ni.

Irú fífún ara ẹni lóúnjẹ báyìí kò mọ ní ilẹ̀ wa nìkan. Ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl, níbi tí Mùsùlùmí ti pọ̀ ju Kristẹni lọ jìnnà, àwọn Kristẹni a máa fi jéró, ẹ̀pà àti èso igi osè ṣe oúnjẹ dídùn kan tí a ń pè ní ngalakh ní àkókò Àjíǹde. Wọn a bù ú fún àwọn Mùsùlùmí tí ó yí wọn ká. Bí Iléyá bá sì dé, àwọn Mùsùlùmí a fi ẹran san oore náà padà.

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ jinlẹ̀ ju pínpín oúnjẹ lọ. Ní ọjọ́ kẹta Iléyá ni wọ́n ń ṣe Ojúde Ọba. Àwọn Mùsùlùmí ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, láti lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀ tí ó gbà wọ́n láàyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn. Nísinsìnyí, Mùsùlùmí, Kristẹni àti oníṣẹ̀ṣe jùmọ̀ ń jáde ní ẹgbẹ́-ẹgbẹ́ nínú aṣọ kan náà, àwọn ìdílé balógun a sì gun ẹṣin wá júbà ọba. Ọpẹ́ àwọn ẹlẹ́sìn kan ti di ayọ̀ gbogbo ìlú.

Ọdún ìbílẹ̀ ńkọ́? Níhìn-ín ni ẹ̀rù ti ń ba ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ jù. Ọ̀jọ̀gbọ́n Jacob Olúpọ̀nà, ọmọ àlùfáà ìjọ Áńgílíkà, ṣe ìwádìí àwọn ọdún ìbílẹ̀ ìlú Oǹdó, ó sì tẹ ìwé jáde lórí wọn ní 1991. Ó fi hàn bí àwọn ọdún náà, tí ọba wà ní àárín wọn, ṣe ń so àwọn tí ẹ̀sìn wọn yàtọ̀ pọ̀ di ará ìlú kan. A lè kọ́ nípa ohun kan, kí a sì bọ̀wọ̀ fún un, láìjẹ́ olùsìn rẹ̀.

Ní Àkúrẹ́, bí ọdún Aheregbe bá dé, ààfin Déjì a máa pàṣẹ pé kí a ti ọjà àti ṣọ́ọ̀bù. Àwọn oníṣòwò kan a máa kùn pé ẹ̀sìn àwọn kọ́. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ asán, nítorí pé ẹni tí ń wá oúnjẹ òòjọ́ ni òfo ọjọ́ kan ń dùn jù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ìlẹ̀kùn kò bọ ohunkóhun. Ìlú tí ó gbà á ni ó bọ̀wọ̀ fún. Ojúṣe ìlú náà ni kí ó kéde ṣáájú, kí ó má sì fipá mú ẹnikẹ́ni wá sí ìdí orò.

Òfin ilẹ̀ wa pàápàá pa ààlà yìí. Abala 38 nínú Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999 fún olúkúlùkù ní òmìnira ẹ̀sìn. Ó sì wí pé a kò gbọdọ̀ fi dandan mú akẹ́kọ̀ọ́ kópa nínú ìsìn tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn: kíkí jẹ́ gbèsè tí a jẹ gbogbo aládùúgbò, oúnjẹ wà lọ́wọ́ ẹ̀rí-ọkàn ẹni, ìsìn sì jẹ́ ti ẹni tí ó gbà á gbọ́. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kan ara wọn.

Nígbà tí Kérésìmesì ọdún náà dé, èmi ni bàbá mi ní kí n gbé ìrẹsì lọ fún Bàbá Álífà. Ẹsẹ̀ mi wúwo bí mo ti ń lọ, nítorí mo rò pé wọn yóò dà á nù lójú mi. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí ó rí mi lọ́jọ́ Iléyá ni ó gbà á. Ó jókòó, ó jẹ ẹ́ tán, ó fọ abọ́ náà mọ́, ó sì kó obì mẹ́ta sí inú rẹ̀ kí ó tó dá a padà fún mi.