Ṣé Kọ̀ǹpútà Tó Ń Lo Linux Nínú Ilé Nílò Oògùn Fáírọ́ọ̀sì?



Láti ìgbà tí Microsoft ti parí ìtọ́jú gbogbogbòò fún Windows 10, ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, púpọ̀ nínú yín tí kọ̀ǹpútà yín ti dàgbà ló ti ní kí àwọn ọmọ tó ń tún un ṣe bá yín fi Linux sí i. Kò burú. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni a ń gbọ́ ní ọ́fíìsì. Ẹni tó fi Linux sí i ní fáírọ́ọ̀sì kì í wọ ibẹ̀, kí ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹlòmíràn ní dandan ni kí ẹ máa ra oògùn fáírọ́ọ̀sì lọ́dọọdún. Ta ni ká gbà gbọ́? Ìwé ọjà, orúkọ oníbàárà àti nọ́ńbà báǹkì ló wà nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí, nítorí náà a fẹ́ la ọ̀rọ̀ náà yé ara wa.

Linux kì í ṣe ohun àná. Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1991. Ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ wà ní gbangba, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà lè yẹ̀ ẹ́ wò, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́ ṣe lè ní kí a gbé ìwé ìṣirò owó wá. Ubuntu àti Linux Mint wà lára èyí tó wọ́pọ̀ nínú ilé.

Ẹni tó ní fáírọ́ọ̀sì kì í wọ ibẹ̀ kò purọ́ tán, kò sì sọ òótọ́ tán. Nínú Linux, kí ohunkóhun tó lè yí ìpìlẹ̀ ẹ̀rọ padà, yóò kọ́kọ́ béèrè páásíwọ́ọ̀dù ọ̀gá. Ó dà bí owó ẹgbẹ́ ní báǹkì, tí akápò nìkan kò lè gbà láìsí ìbuwọ́lùwé àwọn yòókù. A kì í sì í wá sọ́fítíwíà kiri ojú pópó. Inú ilé ìṣúra kan ni a ti ń mú un, tí èdìdì wà lára ẹrù kọ̀ọ̀kan. Pẹ̀lú ìyẹn, àwọn olè mọ ibi tí èrò pọ̀ sí. Windows ló pọ̀ jù lórí tábìlì àwọn ènìyàn, òun ni wọ́n sì ń dojú kọ jù. Fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .exe kì í sábà ṣe nǹkan kan bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ nínú Linux.

Ẹ dákẹ́ ná, ẹ má tíì yọ̀. Páásíwọ́ọ̀dù ọ̀gá yẹn, ìpìlẹ̀ ẹ̀rọ ló ń ṣọ́. Kì í ṣọ́ ìwé yín. Ìwé gbèsè oníbàárà, fọ́tò, páásíwọ́ọ̀dù tí ẹ ní kí Firefox tàbí Chrome bá yín rántí, abẹ́ orúkọ yín ni gbogbo rẹ̀ wà. Ètò búburú tí ẹ bá fọwọ́ ara yín ṣí lè kà wọ́n, ó lè pa wọ́n rẹ́, ó sì lè fi wọ́n ránṣẹ́ láìbéèrè ohunkóhun lọ́wọ́ yín. Olè kò nílò kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilé bó bá jẹ́ yàrá tí owó wà ló ti wọ̀.

Àwa náà jẹ̀bi. Nígbà kan tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọ́fíìsì kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, a rí ìlà àṣẹ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, a dà á kọ, a sì fi páásíwọ́ọ̀dù ọ̀gá sí i láìmọ ohun tó túmọ̀ sí. Ẹ̀rọ náà tẹ̀wé. Ṣùgbọ́n ká ní ẹni ibi ló kọ ìlà yẹn ńkọ́? Àwa fúnra wa la ṣílẹ̀kùn fún un.

Ilé ìṣúra pàápàá, ènìyàn ló ń ṣọ́ ọ. Ní ọjọ́ 20 oṣù kejì 2016, àwọn kan wọ ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì Linux Mint, wọ́n sì darí àwọn tó wá gba Mint 17.3 Cinnamon sí ayédèrú tó ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Nítorí náà, ẹ bi ọmọ tó bá yín fi Linux sí i léèrè ibi tó ti gbà á, àti bóyá ó yẹ èdìdì rẹ̀ wò. Ti 2024 tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnì kan tó ti fi ọdún méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣe olùrànlọ́wọ́ fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sínú xz, ohun kékeré tí a fi ń sọ fáìlì di kékeré. Andres Freund, òṣìṣẹ́ Microsoft, ló tú u fó ní oṣù kẹta, nítorí ó ṣàkíyèsí pé ìwọlé sínú ẹ̀rọ kan ń fi bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀. Kò tíì dé inú ẹ̀dà tí púpọ̀ ènìyàn ń lò nílé. Ẹ wò ó dáadáa: oògùn fáírọ́ọ̀sì kọ́ ló mú un. Ojú ènìyàn ló rí i, àtúnṣe ló sì lé e jáde.

Ṣé kí ẹ wá ra oògùn náà? Fún ẹni tó ń lo Linux nínú ilé, èrò tiwa ni pé kò yẹ kí owó torí rẹ̀ jáde lápò. Ẹni tó bá ń gba fíláàṣì lọ́wọ́ àwọn tó ń lo Windows, tó sì ń fi fáìlì ránṣẹ́ sí wọn, kó fi ClamAV sí i. Ọ̀fẹ́ ni. Kì í dá ṣọ́nà bí ẹ kò bá ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin lẹ óò máa ní kó yẹ fíláàṣì wò. Ara tiyín lè le, kí ẹ sì máa kó àìsàn ran oníbàárà.

Àtúnṣe tó ń jáde ni kí ẹ má fi ṣeré. Bí ẹ̀rọ bá ní òun fẹ́ gba àtúnṣe, ẹ jẹ́ kó gbà á, bí dátà tilẹ̀ wọ́n. Ubuntu tí wọ́n ń pè ní LTS ń gba àtúnṣe fún ọdún 5; lẹ́yìn náà, bí kò bá sí ètò mìíràn, òun àti Windows àtijọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ mọ́. Firewall tó ń jẹ́ ufw wà nínú Ubuntu, ṣùgbọ́n pípa ni wọ́n pa á: sudo ufw enable ni ẹ óò kọ láti tàn án. Ẹ máa ṣe ẹ̀dà ìwé ọjà yín sórí ohun mìíràn tí kì í sùn mọ́ ara kọ̀ǹpútà. Ní ti àwọn oníjìbìtì tó ń ṣe ojú ewé báǹkì ayédèrú, kò kàn wọ́n bóyá Linux lẹ ń lò tàbí Windows. Nọ́ńbà tí ẹ bá fọwọ́ ara yín tẹ̀ síbẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Ẹni tí kò bá mọ ẹ̀dà tí wọ́n fi sínú tirẹ̀ kó gbé e wá sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ ìpàdé, a óò jọ wò ó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú wáyà iná rẹ̀ dání.