Àpò Èédú, Òjò Àkọ́rọ̀ àti Àwọn Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin: Kí Ni Ó Kan Rore Nínú Ọ̀rọ̀ Náà?

Nígbàkígbà tí a bá parí ìsìn ìdúpẹ́ ìkórè ní agbègbè wa, ìbéèrè kan wà tí àwọn àgbẹ̀ ìjọ kì í jẹ́ kí a lọ láìdáhùn. Wọ́n ń gbọ́ lórí rédíò pé àwọn aṣòfin ní Àbújá, ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní ilẹ̀ Yúróòpù ń jiyàn lórí ohun tí a ń pè ní ìyípadà ojú ọjọ́, wọ́n sì ń dárúkọ owó tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnu kò lè kà á tán. Wọ́n wá ń bi wá pé: èwo ni ó kan Rore nínú gbogbo rẹ̀? Ìgbà wo ni owó náà yóò dé? Nítorí náà ni a ṣe pinnu láti kọ ìwọ̀nba ohun tí a mọ̀ sílẹ̀, kí ẹ̀yin ará, àti ẹ̀yin àlùfáà tí a ń bi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, lè rí èsì fún un.

Kò sí ẹni tí a ní láti ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ní Rore, ní Àrán-Ọ̀rin, ní Òmù-Àrán tàbí ní Èsìẹ́ pé òjò kò rí bí ó ti máa ń rí mọ́. Òjò àkọ́rọ̀ tí àwọn baba wa ń retí ní oṣù Kẹta wọ oṣù Kẹrin a máa tan àgbẹ̀ jẹ. Yóò rọ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, àgbàdo yóò hù, lẹ́yìn náà ni ọ̀run yóò sé, èyí tí ó hù yóò sì gbẹ. Àgbẹ̀ yóò tún wá owó irúgbìn kiri. Bí ó bá sì di ìgbà àrọ̀kúrò, òjò tí ó yẹ kí ó rọra rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lè dà sílẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta, kí ó gbé ebè lọ.

A gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé àwa òṣìṣẹ́ ìjọ kò ràn àwọn ènìyàn lọ́wọ́ tó nípa èyí. Ọdún púpọ̀ ni a fi ń sọ lórí àga ìwàásù pé ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ará ìlú ni ó dá òjò dúró, a kò sì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. A kò ní kí ẹnikẹ́ni dẹ́kun àdúrà fún òjò. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn onímọ̀ rí kò ṣòro láti yé ni. Epo rọ̀bì, èédú inú ilẹ̀ àti gáàsì tí àwọn orílẹ̀-èdè ń sun láti bí igba ọdún sẹ́yìn ń tú afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù sí òfuurufú, afẹ́fẹ́ náà sì dà bí aṣọ ìbora tí a fi bo ilé ayé: ooru tí ó yẹ kí ó jáde kò rí ọ̀nà lọ. Ọdún 2024 ni ọdún àkọ́kọ́ tí ooru gbogbo ayé fi ju ti àárín ọdún 1850 sí 1900 lọ ní ìwọ̀n tí ó lé ní digiri 1.5. Nígbà tí ooru bá pọ̀, omi òkun a máa gbẹ sókè jù, òjò a sì máa ṣe ségesège. Nínú gbogbo èéfín yìí, ìpín gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà kò tó 4 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà fi di ti àjọṣe láàárín àwọn orílẹ̀-èdè: ẹni tí ó dá iná kọ́ ni ilé rẹ̀ ń jó.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí àwọn aṣòfin wa ní Àbújá fi ń gbé àbá òfin lórí ojú ọjọ́ wá, tí ó sì ń já sófo. Ilé fọwọ́ sí àwọn àbá ìṣáájú, ṣùgbọ́n àwọn Ààrẹ tí ó wà lórí àlééfà nígbà náà kò buwọ́ lù wọ́n. Èyí tí Ọ̀nàrébù Sam Onuigbo láti ìpínlẹ̀ Abia gbé síwájú Ilé Aṣojú-ṣòfin ni ó wá yọrí sí òfin, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kan náà ni Ààrẹ dúró níwájú gbogbo ayé ní Glasgow, tí ó ṣe ìlérí pé títí di ọdún 2060, èéfín tí Nàìjíríà ń tú sílẹ̀ kò ní ju èyí tí igi àti ilẹ̀ rẹ̀ lè fà padà lọ.

Òfin náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ó dá Ìgbìmọ̀ Orílẹ̀-èdè lórí Ìyípadà Ojú Ọjọ́ sílẹ̀, Ààrẹ fúnra rẹ̀ ni alága. Ó dá àpò owó kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà. Ó ní kí a máa ṣètò ìwọ̀n èéfín tí orílẹ̀-èdè lè tú sílẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún márùn-ún, èyí tí ó jọ ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fi sínú òfin tiwọn láti ọdún 2008. Ilé iṣẹ́ aládàáni tí ó bá ní òṣìṣẹ́ 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ yan ẹni tí yóò máa mójú tó ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ibi tí a fẹ́ kí ẹ fi ìka sí ni ti àwọn tí yóò jókòó nínú Ìgbìmọ̀ náà: aṣojú àwọn gómìnà wà níbẹ̀, aṣojú àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wà níbẹ̀, aṣojú àwọn obìnrin, àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn aláàbọ̀ ara wà níbẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ Irepodun tí ó wà ní Òmù-Àrán kì í ṣe àlejò nínú òfin yìí. Bí a bá béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe nípa rẹ̀ lọ́wọ́ wọn, a kò ṣe àyọjúràn.

Ní ọdún 2021 kan náà ni ìjọba wa kọ ìwé ìlérí rẹ̀ sí àwọn orílẹ̀-èdè yòókù gẹ́gẹ́ bí àdéhùn Párísì ti ọdún 2015 ti là á sílẹ̀. Ó ní Nàìjíríà yóò dín èéfín rẹ̀ kù ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún títí di ọdún 2030 bí kò bá rí olùrànlọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí ìrànlọ́wọ́ bá dé láti òkèèrè, yóò tó ìdá 47. Àárín 20 àti 47 yìí ni gbogbo àríyànjiyàn wà. Ta ni yóò san owó rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ owó yìí ni ó gbé wa dé Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 2015, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin pé nínú 1,000 pọ́n-ùn tí orílẹ̀-èdè náà bá pa, kí 7 máa lọ fún ìrànlọ́wọ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí kò ní. Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà, ìjọba ní òun yóò sọ ọ́ di 5. Ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ilé ní ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún 2021. Àríyànjiyàn náà gbóná. Theresa May, tí ó ti ṣe olórí ìjọba rí, dìbò lòdì sí ìjọba ẹgbẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n 333 ni ó fara mọ́ ìdínkù náà, 298 ni ó kọ̀ ọ́. Ẹgbẹ́ òṣèlú mìíràn ni ó wà lórí àlééfà ní oṣù Kejì ọdún 2025, nígbà tí ìjọba kéde pé yóò di 3 ní ọdún 2027, kí wọ́n lè rí owó fi kún ti ológun. Méje di márùn-ún, márùn-ún ń lọ di mẹ́ta. Owó ojú ọjọ́ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣèlérí wà nínú owó ìrànlọ́wọ́ kan náà. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé owó ń bọ̀ láti ìlú òyìnbó, ẹ rántí pé ìbò ni ó fún wọn ní owó náà, ìbò sì lè gbà á padà.

Bákan náà ni ti ìlérí gbogbo ayé. Ní ọdún 2009, àwọn orílẹ̀-èdè olówó ṣèlérí ní Copenhagen pé nígbà tí yóò bá fi di ọdún 2020, àwọn yóò máa pèsè 100 bílíọ̀nù dọ́là lọ́dọọdún. Ọdún 2022 ni ó tó ṣẹ, apá tí ó sì pọ̀ jù nínú èyí tí ìjọba wọn mú wá ni ó jẹ́ ẹ̀yáwó. Àgbẹ̀ tí òjò ba oko rẹ̀ jẹ́ kò nílò gbèsè. Ní Baku ní ọdún 2024, wọ́n gbé iye náà sí 300 bílíọ̀nù, tí wọn yóò dé títí di ọdún 2035. Àpò mìíràn tún wà fún àwọn tí àjálù ti bá, èyí tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lé lórí ní Íjíbítì ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022. Ní ọdún 2022 náà ni àgbàrá omi pa ènìyàn tí ó lé ní 600 ní Nàìjíríà, tí ó sì lé ènìyàn bíi mílíọ̀nù kan ààbọ̀ kúrò nílé. Títí di ọdún 2025, gbogbo ìlérí tí a ti ṣe sínú àpò yẹn fún gbogbo ayé kò tó bílíọ̀nù kan dọ́là.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin òkèèrè fi ń wọ àárín agbo ilé wa tààrà, èyí tí a rò pé àwọn ará kò tíì fura sí. Èédú ni.

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé sísun igi sí èédú ti di iṣẹ́ ńlá ní ìpínlẹ̀ Kwárà. Igi ẹ̀mí tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, àti igi igbá tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe irú, kò bọ́ lọ́wọ́ àwọn asunèédú mọ́. Àpò èédú tí ọkọ̀ ń kó kọjá lójú ọ̀nà kì í ṣe inú ilé ìdáná Ìlọrin àti Èkó nìkan ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Èédú Nàìjíríà wà lára èyí tí wọ́n ń kó lọ sí Pólándì àti Jámánì, níbi tí wọ́n fi ń sun ẹran ní ìta nígbà tí oòrùn wọn bá mú. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin ọdún 2023, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Yúróòpù dìbò ní Strasbourg lórí òfin kan tí ó ní kí a má ṣe gbé ohun tí ó bá ti ibi tí a ti pa igbó run wọ ọjà wọn. 552 fara mọ́ ọn, 44 kọ̀ ọ́, 43 kò sì gbè sí ibì kankan. Kòkó, kọfí, epo pupa, rọ́bà, sóyà, màlúù àti igi ni òfin náà mú, èédú sì wà lábẹ́ igi. Ẹni tí ó ń kó ọjà wọlé gbọ́dọ̀ lè tọ́ka ibi tí ilẹ̀ tí ó ti wá wà gan-an lórí àwòrán ilẹ̀, kí ó sì fi hàn pé wọn kò pa igbó ibẹ̀ run lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020.

Wọ́n ti sún ìgbà tí òfin náà yóò bẹ̀rẹ̀ síwájú lẹ́ẹ̀mejì, ní ìparí ọdún 2024 àti ní ìparí ọdún 2025. Oṣù Kejìlá ọdún 2026 ni wọ́n fi í sí báyìí fún àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, àwọn kéékèèké yóò sì tẹ̀ lé e ní ọdún 2027. Àwa kò bínú sí òfin náà. Bí a kò bá dá igi ẹ̀mí sí, àwọn ọmọ wa yóò máa ra òrí láti ibòmíràn. Ohun tí ó dùn wá ni pé ọwọ́ kan ni àwọn orílẹ̀-èdè olówó fi ń béèrè ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀, ọwọ́ kejì ni wọ́n sì fi ń dín owó tí à bá fi wọn ilẹ̀ náà kù. Ta ni yóò wọn ilẹ̀ fún ìyá arúgbó tí ó ń gbin kòkó sí ìdajì éékà? Àwọn ọmọ Ìgbómìnà sì wà lára àwọn tí ó lọ dáko kòkó sí apá Ifẹ̀ àti Òǹdó, ọ̀rọ̀ náà kan àwọn náà níbi tí wọ́n wà. Kí a sì sọ òtítọ́: àwa náà gé igi méjì nínú ọgbà ìjọ nígbà tí a ń kọ́ gbọ̀ngàn, a kò sì tíì gbin ọ̀kan dípò wọn.

Èwo wá ni ó kan Rore? A kò lè ṣèlérí pé owó Baku tàbí ti Lọ́ńdọ̀nù yóò dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ yín ní orúkọ rẹ̀. Òfin ọdún 2021 ni ó wà ní àrọ́wọ́tó wa. Ẹ̀yin àgbà ìjọ tí ẹ ń ṣe ìpàdé pẹ̀lú àwọn kánsílọ̀, ẹ bi wọ́n bóyá ìjọba ìbílẹ̀ ti yan ẹni tí yóò máa rí sí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ bi wọ́n ìyè igi tí wọ́n gbìn, àti ẹni tí ó ń fún asunèédú ní ìyọ̀ǹda. Ẹ bi aṣojú wa ní Àbújá ohun tí ó sọ nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí dé iwájú ilé.

Ohun kan sì wà tí kò ná wa ní kọ́bọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdọọdún ni àjọ NiMet, tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ láti máa wo ojú ọjọ́, ń gbé ìwé jáde lórí ìgbà tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí yóò dáwọ́ dúró ní agbègbè kọ̀ọ̀kan. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ọ̀dọ̀ wa ni ó sì yẹ kí ìtumọ̀ rẹ̀ ti wá. Nígbà tí a ka tiwa jáde nínú ìjọ ní ọdún tí ó kọjá, oṣù Karùn-ún ti wọlé, àgbàdo àkọ́gbìn sì ti gbẹ mọ́lẹ̀. Ní ti ọdún tí ń bọ̀, a ti fi kíkà rẹ̀ sí ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹta, lẹ́yìn ìkéde, kí àwọn tí ó ń gbé ní oko lè gbọ́ ọ kí wọ́n tó padà.