Ìbàdàn sí Àkúrẹ́ nínú bàálù: ìṣẹ́jú mélòó gan-an ni?

Tẹ́ ẹ bá bi íntánẹ́ẹ̀tì bí pápákọ̀ òfurufú Ìbàdàn ṣe jìnnà sí ti Àkúrẹ́ tó, ẹ óò rí nǹkan bíi kìlómítà 147. Bí ẹyẹ ṣe ń fò nìyẹn o. Ọ̀nà mọ́tò tó gba Ifẹ̀ àti Iléṣà kọjá máa ń tó nǹkan bíi 200. Bàálù kékeré tó ń sá kìlómítà 450 ní wákàtí kan yóò fi nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú fò ó. Tẹ́ ẹ bá fi gbígbéra àti bíbalẹ̀ kún un, ẹ pè é ní ìṣẹ́jú 40. Ó dùn ún gbọ́, àbí?

Mi ò sọ pé irọ́ ni. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìṣirò yẹn kò mọ ilé tẹ́ ẹ ti ń bọ̀. Ẹni tó ń gbé Apẹ̀tẹ̀ gbọ́dọ̀ la Ìbàdàn já kó tó dé Alákìá tí pápákọ̀ wà. Ẹ ka wákàtí kan fún ìyẹn. Ẹ tún gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ ní nǹkan bíi wákàtí kan ṣáájú kí bàálù tó gbéra. Ẹ fi ìṣẹ́jú 40 kún un, kẹ́ ẹ tún wá ọkọ̀ tó máa gbé yín wọ ìgboro Àkúrẹ́. Wákàtí mẹ́ta ti lọ nìyẹn. Bí títì bá dára, mọ́tò náà lè má ju wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ lọ, owó rẹ̀ á sì kéré jìnnà.

Abájọ tó fi jẹ́ pé Èkó àti Àbújá ni bàálù tó ń gbéra ní ìlú méjèèjì sábà máa ń kọrí sí, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ara wọn.

Ṣé ìrìn kúkúrú ò wá wúlò rárá ni? Ó wúlò. Ní erékùṣù Orkney lórílẹ̀-èdè Scotland, bàálù Loganair ti ń ná Westray sí Papa Westray láti ọdún 1967. Kìlómítà 2.7 péré! Ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n kọ ọ́ sí, ó sì ti fi ìṣẹ́jú àáyá 53 débẹ̀ rí. Olùkọ́, dókítà àtàwọn aláìsàn ń wọ̀ ọ́, ìjọba sì ń fowó ràn án lọ́wọ́, torí omi òkun ló wà láàárín. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ.

Òkun wo ló wá wà láàárín Àkúrẹ́ àti Adó-Èkìtì? Ìlú méjèèjì ló ti ní pápákọ̀ tiẹ̀, bẹ́ẹ̀ títì tó so wọ́n pọ̀ kò ju nǹkan bíi kìlómítà 50 lọ. Títì yìí kan náà sì ni àwọn èèyàn ti ń pariwo lé lórí láti ọdún gbọọrọ. Lójú tèmi, tí títì yẹn bá dán dáadáa, pápákọ̀ kan ṣoṣo tó ìlú méjèèjì.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, tí olóṣèlú kan bá tún dé tó ní òun máa kọ́ pápákọ̀ sítòsí yín, ẹ má kàn pàtẹ́wọ́. Ẹ bi í pé ta ló máa wọ bàálù náà, èló ni tíkẹ́ẹ̀tì, wákàtí mélòó ló sì máa gbà láti ẹnu ọ̀nà ilé yín dé ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ. Lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ bi í léèrè títì.