Ewé Oníke Nínú Àgò Ẹyẹ

Àwọn kan nínú yín ti ń béèrè pé kí ló dé tí ẹ kò fi gbọ́ ariwo àwọn ẹyẹ mi lẹ́yìn mi mọ́ nínú ètò wa. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ọ̀kan nínú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Èmi náà ni mo sì fi ọwọ́ ara mi gbé ohun tó fẹ́ pa á sínú ilé rẹ̀.

Ẹyẹ méjì ni mo ń sìn nínú ilé mi ní Neukölln, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Hermannstraße. Táíwò ní àwọ̀ ewé, Kẹ́hìndé ní àwọ̀ búlúù. Wellensittich ni àwọn ará Jámánì ń pe irú wọn. Ilẹ̀ Australia ni wọ́n ti wá, ìbátan ayékòótọ́ tiwa sì ni wọ́n, àmọ́ wọn ò tóbi rárá: gíráàmù 30 sí 40 péré. Màmá mi ní Ìbàdàn rí wọn lórí WhatsApp, wọ́n ní, "Ṣé èyí náà ni ẹ ń pè ní ayékòótọ́? Ìkóòdẹ rẹ̀ dà?" Ìkóòdẹ ni ìyẹ́ pupa ìrù odídẹrẹ́, èyí tí àwọn bàbá wa ń lò nínú ètò oyè àti ìsìn. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, odídẹrẹ́ igbó kò ṣeé rà mọ́." Òótọ́ sì ni. Níbi ìpàdé CITES ní Johannesburg lọ́dún 2016 ni wọ́n ti fi odídẹrẹ́ sínú àwọn ẹranko tí a kò gbọdọ̀ mú nínú igbó fún títà lókè òkun, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ ní 2017.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ wa. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Berlin mọ bí oṣù Kejìlá ṣe máa ń rí níbí. Kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, oòrùn ti wọ̀. Àánú àwọn ẹyẹ mi ṣe mí. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù kan, mo ra ewé oníke gígùn kan, irú èyí tó ń fà bí ewé iṣu lára igi. Mo fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ (ẹ ò rí i pé mo gbọ́n!), mo so ó mọ́ àgò. Inú wọn dùn. Wọ́n gùn ún, wọ́n fi ẹnu tú u, wọ́n ń ṣeré.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo jí, mo bá Kẹ́hìndé nísàlẹ̀ àgò. Ó wú ìyẹ́ rẹ̀ bí bọ́ọ̀lù, ó ń bì, ìgbẹ́ rẹ̀ dà bí omi ewé. Ẹyẹ máa ń fi àìsàn pamọ́, torí pé nínú igbó, èyí tó bá ṣe bí ẹni tó rẹ̀ ni àṣá máa kọ́kọ́ gbé. Nítorí náà, tí ẹ bá ti rí àìsàn lójú ẹyẹ, ó ti ń ṣe é tipẹ́. Mo fi aṣọ bo àgò, mo sáré lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko.

Wọ́n ya àwòrán X-ray. Nínú iwe rẹ̀, àwọn nǹkan wínníwínní kan ń tàn funfun. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹ ṣọ́ ohùn o: *iwe* ni mo wí, kì í ṣe *ìwé*. Iwe ni ẹ̀yà inú tí ẹyẹ fi ń lọ oúnjẹ, èyí tí àwa ọmọ Yorùbá máa ń jà lé lórí tí wọ́n bá pa adìyẹ. Irin ni nǹkan wínníwínní yẹn.

Níbo ni irin ti wá? Inú ọ̀pá ewé náà ni. Wáyà ni wọ́n fi ṣe egungun rẹ̀, wọ́n wá fi ike tẹ́ẹ́rẹ́ bò ó. Àgógó ẹnu ayékòótọ́ kì í ṣe ẹlẹgbẹ́ ike tẹ́ẹ́rẹ́. Kẹ́hìndé ti bó o. Wọ́n sì máa ń fi zinc bo irú wáyà bẹ́ẹ̀ kó má bàa dógùn-ún, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe sí páànù tí a fi ń kan ilé. Zinc tó dáàbò bo òrùlé yín kò ṣe ẹyẹ lóore. Inú iwe ni irin máa ń há sí, ásíìdì inú ẹyẹ á máa yọ́ zinc díẹ̀díẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀, ó sì di májèlé. Ara yóò rọ̀ ọ́, ó lè máa gbọ̀n, kó sì kú. Dókítà fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń di irin mú nínú ẹ̀jẹ̀ kí kíndìnrín lè tú u jáde, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ nínú àpótí tó móoru.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa wá àṣìṣe nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, n kò wá ní tèmi. Ọ̀nà tó rọrùn jù láti mọ̀ wà níbẹ̀: ẹ tẹ ọ̀pá ewé náà. Tó bá dúró bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́, wáyà wà nínú rẹ̀. Àwọn kan ń fi òòfà yẹ̀ ẹ́ wò. Tí òòfà bá mú un, irin wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ tí kò bá mú un, ìyẹn ò fi hàn pé kò léwu, torí òòfà kì í mú zinc fúnra rẹ̀, kì í mú bàbà, kì í sì í mú òjé.

Ewé aláṣọ ńkọ́? Lójú tèmi, òun ló burú ṣìkejì. Òwú rẹ̀ máa ń tú. Ó lè wé mọ́ ìka ẹsẹ̀ ẹyẹ títí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní dé ibẹ̀ mọ́. Tí ẹyẹ bá gbé e mì, ó lè dì jọ sínú àpò oúnjẹ tó wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹ sá fún ọ̀dà tó ń ṣí àti nǹkan dídán tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ewé.

Ṣé kò wá sí ọ̀nà kankan tí a fi lè lò ó? Ó wà. Ẹ gbé e kọ́ sí ìta àgò, níbi tí ẹnu kò lè dé, kí ẹ sì máa nù ún torí eruku. Àwọn ẹyẹ kéékèèké tí kì í fi ẹnu tú nǹkan, bíi Zebrafink, lè fara mọ́ ike líle tí kò ní wáyà tàbí òwú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ayékòótọ́, ńlá tàbí kékeré, n ò ní sọ fún un pé kó gbìyànjú ẹ̀.

Ẹ̀ka igi gidi ni mo ń lò báyìí. Aládùúgbò mi kan ní ọgbà kékeré ní ìhà gúúsù Neukölln. Nígbà tí wọ́n bá gé igi ápù wọn, wọ́n máa ń fún mi ní ẹ̀ka tí a kò fín oògùn sí. Ẹ̀ka Weide, Birke àti Hasel náà dára. Ẹ má já ti ẹ̀bá títì, èéfín ọkọ̀ ti bà á jẹ́. Ẹ fọ̀ ọ́ kó gbẹ. Eibe àti Oleander jẹ́ májèlé, ẹ má jẹ́ kó wọlé. Píà náà ńkọ́, tí àwa ń fi jẹ búrẹ́dì? Èso rẹ̀ àti ewé rẹ̀ lè pa ẹyẹ.

Gíráàmù 29 ni Kẹ́hìndé wọ̀n lọ́jọ́ tí a kúrò lọ́dọ̀ dókítà. Lánàá, lórí ìwọ̀n ilé ìdáná mi, ó ti di 35. Ó ti bó gbogbo èèpo ara ẹ̀ka ápù tán, ó sì ti ń wo wáyà máíkì mi. Mo ti gbé máíkì náà lọ sí yàrá kejì.